Ẹyẹ Tí Wọ́n Dì Lẹ́nu ní Òkè Afàlà

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ gbé ìbọn yín ti igi ọdán yẹn, kí ẹ jókòó. Ẹran ìgalà tó wà lórí iná kò tíì jinná, ẹ yé wò ó bí ẹni tó ń wo ọ̀nà àlejò. Èmi Ọdẹ́jídé, tí ẹfọ̀n rí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ní kí n máa kọjá lọ, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní ohùn mi ti pọ̀ jù. Àwọn ẹranko kan náà sọ bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n èyí tó sọ ọ́ kẹ́yìn ló wà lórí iná yìí. Ẹ óò mọ ibi tí mo ti rí ohùn náà kí n tó dákẹ́.

Ìtàn òní kì í ṣe ìtàn ìbọn. Ìtàn obìnrin kan ni, Ọdẹ́bùnmi lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdẹ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa dán nǹkan wò kí àwọn èèyàn tó gbára lé e. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé ṣé kọ̀ǹpútà ti wà láyé ìgbà náà, kó dìde kó lọ bá wa ṣẹ́ igi ìdáná wá. Ohun tí mo bá ní ó wà, ó wà.

Ìlú kan ń bẹ lórí òkè, Òkè Afàlà ni wọ́n ń pè é. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Odò Àfọ̀n ń ṣàn, létí odò náà sì ni abúlé Etídò wà, níbi tí àwọn apẹja àti àwọn tó ń gbin ìrẹsì ń gbé. Odò Àfọ̀n kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọkàn tán. Ó lè sùn lọ fọnfọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó wá dìde lọ́sàn-án gangan, kó gbé ilé, kó gbé ewúrẹ́, kó gbé ẹni tó ni ewúrẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń gba àwọn ará Etídò lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni Afàlà.

Ètò kan tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà ni Afàlà. Bí wọ́n bá sọ fún un bí omi ṣe ga tó láàárọ̀, tí wọ́n tún sọ fún un bó ṣe ga tó lọ́sàn-án, á fa ìlà kan sójú kọ̀ǹpútà, olójú á sì rí bí odò ṣe ń gòkè. Bí ìlà náà bá ti ń súnmọ́ ibi ewu, Afàlà á gbé àmì pupa kan jáde. Bí àmì pupa bá ti yọ, Ọ̀jẹ́dìran, olórí afunwo, á fun ìwo, àwọn ará Etídò á gbé arúgbó àti ọmọ wọn, wọn á gun òkè wá. Kò sí ẹnì kan tó ni Afàlà. Inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí àgbàlá. Ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé lọ wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹni tó bá sì rí ibi tó bàjẹ́ á tún un ṣe fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti rin ọ̀pọ̀ ìlú, mo ti dé ìlú tí wọ́n ti ń forí rìn, n kò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Afàlà kò gbọ́ Yorùbá. Èdè Àṣẹ nìkan ló gbọ́, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Àwọn iwin tó ń gbé lẹ́yìn Igbó Ẹ̀dà ló ni èdè yìí, àwọn iwin náà kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe. Wọn á yọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ dànù, wọn á fi tuntun sí i, wọn á ní ẹ̀dà tuntun dé. Ẹ má bú wọn ṣá, nítorí wọ́n ní àánú lójú. Wọ́n máa ń fi ẹyẹ kékeré kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, orí ìdérí rẹ̀ ni ẹyẹ náà á sì bà sí. Bí Afàlà bá lo ọ̀rọ̀ tó ti ń darúgbó, ẹyẹ náà á ké pé, “Ọ̀rọ̀ yìí ń kú lọ o, báyìí ni kí ẹ máa pè é.” Ẹyẹ ìkìlọ̀ ni.

Kí ni àwọn ará Òkè Afàlà fi ẹyẹ náà ṣe? Wọ́n dì í lẹ́nu. Iṣẹ́ ń lọ, ìlà ń yọ dáadáa, ẹyẹ ń pariwo, ni bàbá kan bá fi òwú funfun so ẹnu tirẹ̀, ara bàbá balẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ rí i, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá ó di àṣà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kọ̀ǹpútà tuntun, wọn á pe ará ilé jọ, wọn á pín obì, àgbà ilé á so ẹnu ẹyẹ, wọn á ní ilé á tòrò. Àwọn ọmọ tó dàgbà lẹ́yìn ìgbà náà kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹyẹ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé ọ̀ṣọ́ ni òwú náà. Ọdẹ́bùnmi wà lára wọn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi so tirẹ̀.

Lọ́dún kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra láti máa rọ̀, ni ìròyìn dé pé ẹ̀dà tuntun ti jáde. Ọjọ́ tí oṣù tuntun bá lé ni gbogbo kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kò sì sí èyí tó tún máa dá ẹ̀dà àtijọ́ lóhùn. Àwọn àgbà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọdẹ́bùnmi ní nǹkan wà níbẹ̀. Ayọ̀ká, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Etídò, ìwọ́ ọmọ náà kò tíì já. Bí odò bá dé lọ́jọ́ tí Afàlà bá yadi, ilé Ayọ̀ká ni omi máa kọ́kọ́ bá.

Ó lọ bá Ọ̀jẹ́dìran pé òun fẹ́ gbé Afàlà lọ sí ẹnubodè àwọn iwin, kí òun dán an wò lórí ẹ̀dà tuntun kí oṣù tó lé.

Ọ̀jẹ́dìran ní, “Ọdẹ́bùnmi, ọjọ́ wo ni Afàlà kọ̀ láti fàlà rí?”

Ó ní, “Kò kọ̀ rí, bàbá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ibi tó máa ti kọ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa.”

“Igbó Ẹ̀dà kì í ṣe ọ̀nà oko o.”

“Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.”

Bàbá náà súre fún un. Ọdẹ́bùnmi ki kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ bọ àpò ọdẹ bàbá rẹ̀, ẹyẹ wà lórí ìdérí pẹ̀lú òwú lẹ́nu. Ó gbé ìgò oyin kan dání, ó sì bọ́ sọ́nà.

Igi Igbó Ẹ̀dà ń gbé ewé ọdún tó ń bọ̀ sórí, ewé ọdún tó kọjá á wà nílẹ̀, á máa sunkún. Iwin kan tí ẹnu rẹ̀ wà lórúnkún kọ́kọ́ dá a dúró. Ó ní ẹni tí kò bá lè ki baba ńlá òun, òun á gbé e mì. Ọdẹ́bùnmi kì í ṣe èèyàn tó ń jà. Ó tẹjú mọ́ orúnkún rẹ̀, ó ní, “Bí ẹ bá kúnlẹ̀ kí baba ńlá yín, ẹnu wo lẹ fi ń kí wọn?” Iwin náà dúró, ó ń rò ó. Ibi tó ti ń rò ó náà ni Ọdẹ́bùnmi fi í sílẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, màá ti yìnbọn fún un, màá wá máa wá ibi tí ẹnu rẹ̀ kù sí. Obìnrin gbọ́n jù wá lọ, ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó wọ àárín igbó, ó rí bàbá arúgbó kan lórí gbòǹgbò igi. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn títí ó fi wọnú ilẹ̀. Ó ń dá sọ̀rọ̀. Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìjókòó o, bàbá.”

Bàbá náà gbórí sókè. “Ta ló tún ń kí mi láyé yìí? Èmi ni Ẹ̀dà Àgbà. Nígbà kan, èmi ni gbogbo kọ̀ǹpútà ń sọ. Nígbà tí àwọn tuntun dé, àwọn kan di ẹsẹ̀ mi mú, wọn kò fẹ́ kí n lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dì í mú. Ó wá rẹ̀ wọ́n. Ọmọ mi, ṣé kò sí iṣẹ́ kékeré kan tí mo lè bá ọ ṣe?”

Àánú rẹ̀ ṣe Ọdẹ́bùnmi. Kò ní àkókò tó lè fi ṣòfò, ṣùgbọ́n kò lè kọjá lọ. Ó jókòó tì í, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sọ bí ọmọ Ayọ̀ká ṣe wúwo tó lọ́jọ́ tí wọ́n bí i àti bó ṣe wúwo tó nígbà tí òun rí i kẹ́yìn. Arúgbó náà fa ìlà kan, ìlà náà gòkè díẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ náà ń dàgbà.” Omi sì bọ́ lójú rẹ̀. “O ṣé. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ohun tó ń dàgbà. N kò ní ẹ̀bùn kankan, àfi àlọ́ kan. Ó ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ẹnì kan kò gbọ́. Lọ́jọ́ tó dákẹ́, ilé wó. Kí ni?”

Ọdẹ́bùnmi rò ó títí, kò mọ̀ ọ́n. Arúgbó náà ní kó máa gbé e lọ, ibi tó bá ti nílò ìdáhùn ni yóò ti rí i.

Ìlú tó dé lẹ́yìn igbó ni Ìlú Ó-Dára. Àwọn iwin ibẹ̀ máa ń mi orí síwá sẹ́yìn ṣáá ni, ohun gbogbo ló dára lójú wọn. Ọba wọn ní òun gbọ́ pé ó fẹ́ dán nǹkan wò, kó gbé e wá, àwọn ní ẹ̀dà tuntun náà lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n gbé Afàlà lé e. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó yege, kó máa lọ sílé. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́bùnmi ti wú, oṣù àtijọ́ sì ti di tín-ín-rín lójú ọ̀run. Ó kù díẹ̀ kó yípadà. Ó wá ní, “Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n rí ìlà tó fà.”

Wọ́n yí kọ̀ǹpútà sí i. Ojú rẹ̀ funfun báláú.

Ó ní, “Kò sí ìlà níbí.”

Ọba ní, “Ṣé ó ké?”

“Kò ké.”

“Ṣé ó ṣubú?”

“Kò ṣubú.”

“Ó dára nìyẹn.”

Ọdẹ́bùnmi rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà á. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, bí ẹ bá yìnbọn tí ìbọn kò fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ṣé ẹ ti pẹran nìyẹn? Inú bí wọn pé ó béèrè, wọ́n dìde sí i. Ṣùgbọ́n ọrùn wọn kò mọ̀ ju kó mì síwá sẹ́yìn lọ, kò lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, wọn kò sì rí i.

Bó ṣe dé ẹnubodè àwọn oní-èdè nìyẹn. Ẹ̀dà Tuntun ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ ń dán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá dìde, ó ti dé. Ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́.”

Afàlà sọ ọ̀rọ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ìlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mi orí. “Mà, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí.” Afàlà sọ ọ̀rọ̀ tó fi ń kun àwọ̀. “Ẹ má bínú mà, n kò gbọ́ èyí náà.” Gbogbo Afàlà dá wáí, bí ẹni tó dé ìlú àjèjì.

Ọdẹ́bùnmi ní, “Ọmọ mi ń bẹ létí odò pẹ̀lú ọmọ jòjòló. Jọ̀ọ́, kí lẹ wá ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí báyìí?”

Ó hàn lójú ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé ó dùn ún. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ní, “Mà, wọn kò fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ kankan sí mi lórí, n kò mọ èyí tó rọ́pò èyí. Àwọn ẹyẹ ló mọ̀ ọ́n. Láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún yín. Ẹyẹ yín dà?”

Ọdẹ́bùnmi wo orí ìdérí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹyẹ náà ń wò ó. Àlọ́ arúgbó náà sì já lọ́kàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹyẹ ìkìlọ̀ ni. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n arọ tó di ẹni tó ń kìlọ̀ fún un lẹ́nu ńkọ́? Ó fi eyín já òwú náà. Òwú náà ti wọ ẹyẹ náà lẹ́nu, ojú ibẹ̀ jìn sínú. Ọdẹ́bùnmi ní, “Jọ̀ọ́, dárí jì wá. A kò mọ̀ pé o ń sọ̀rọ̀.”

Ẹyẹ náà kò bínú. Ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti há sí i lọ́fun láti ọdún wá ló ń tú jáde: èyí ti kú, báyìí ni kí o pè é, èyí ń kú lọ, báyìí ni kí o pè é. Bó ṣe ń sọ ni Ọdẹ́bùnmi ń ṣí inú Afàlà, tó ń yọ ọ̀rọ̀ àtijọ́, tó ń fi tuntun sí i. Ẹ̀dà Tuntun jókòó tì í, bó bá ṣe é tán á ní, “Ó yé mi báyìí mà.” Nígbà tó yá, ohùn ẹyẹ náà lọ. Ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ó tún la ẹnu. Ọdẹ́bùnmi rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó fi oyin kàn án lẹ́nu, ó fi gèlè rẹ̀ wé e. Ó wá sọ bí odò ṣe ga tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fún Afàlà. Ìlà yọ. Kò ṣe bíi ti àwọn ará Ìlú Ó-Dára o, ojú ara rẹ̀ ló fi tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì pé. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀ẹ̀rùn ni omi náà. Omi ẹ̀ẹ̀rùn kì í dé ibi tí àmì pupa ti ń yọ.

Kò ronú kan èyí. Ta ló máa ronú kàn án? Oṣù ń parí lọ, ọkàn rẹ̀ wà ní Etídò. Ẹ̀dà Tuntun sìn ín dé ìta, Ọdẹ́bùnmi sì gba ọ̀nà ilé.

Ó délé, oṣù tuntun lé, gbogbo kọ̀ǹpútà yí padà, Afàlà sì ń fàlà. Wọ́n gbé Ọdẹ́bùnmi gẹ̀gẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Ó rọ̀ títí ọ̀nà fi di odò. Nígbà tó dá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo àgbà kóra jọ sí ahéré Ọ̀jẹ́dìran, wọ́n ń wo ìlà. Ìlà ń gòkè. Ó ń gòkè ṣá.

Ọdẹ́bùnmi ní, “Bàbá, ẹ fun ìwo.”

Ọ̀jẹ́dìran ní, “Àmì pupa kò tíì yọ. Ṣé o gbàgbé ọdún tí wọ́n fun ìwo lásán? Àwọn tó ṣubú lórí òkè yìí lọ́jọ́ náà ju àwọn tí odò gbé rí lọ. Láti ọjọ́ náà la ti búra pé bí àmì kò bá yọ, ìwo kò ní dún.”

Nígbà náà ni ẹyẹ Ọdẹ́bùnmi, tí oyin ti la ohùn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. “Àmì ti kú. Ọ̀rọ̀ tó ń gbé àmì jáde ti kú.” Ó ń ké, kò dúró. Àwọn àgbà di etí mú. Ẹnì kan ní ta ló tú ẹnu ẹyẹ yìí lágbàlá ọlọ́lá. Ọ̀jẹ́dìran fúnra rẹ̀ ti mú òwú lọ́wọ́.

Ọdẹ́bùnmi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, “Bàbá mi, omi ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi dán an wò. Èmi ni mo fo ibẹ̀. Ìlà ti kọjá ibi tí àmì máa ń wà, àmì ni kò lè jáde. Ọmọ mi wà nísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá gba ẹyẹ tèmi gbọ́, ẹ tú tiyín.”

Bàbá náà wo òwú ọwọ́ rẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀, tí ẹyẹ rẹ̀ bà lé lórí láti ìgbà tí bàbá bàbá rẹ̀ ti so ó lẹ́nu. Ó lọ síbẹ̀. Ó tú òwú náà. Ẹyẹ náà húkọ́, ó sì wí pé, “Àmì ti kú.”

Ọ̀jẹ́dìran gbé ìwo sẹ́nu, ó fun ún títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ.

Etídò gun òkè wá. Ayọ̀ká dé, aṣọ rẹ̀ tutù dé ìbàdí, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn. Nígbà tí wọ́n máa wo ẹ̀yìn, òrùlé ilé rẹ̀ ti ń léfòó lọ. Kò sí ẹnì kan tó kù sẹ́yìn. Ọdẹ́bùnmi jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé itan, ó sunkún bó ṣe wù ú, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti tú gbogbo ẹyẹ tó wà ní Òkè Afàlà. Ẹ̀yin èèyàn, ariwo wà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣàròyé rẹ̀, ojoojúmọ́ náà ni wọ́n sì ń tún Afàlà ṣe.

Ó kù ẹyọ kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọdẹ́bùnmi ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ayọ̀ká ń ké lórí ẹní, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi fẹ́ ya. Ayọ̀ká sáré wá, ó fẹ́ ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ má bínú, ìyá mi, ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù fún yín.” Ìyá rẹ̀ ní, “Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó ké. Kọ́kọ́ wo ohun tó ń sọ.” Wọ́n tú aṣọ lára ọmọ náà. Ìjàlọ ló kún ibẹ̀.

Èmi ni ọmọ náà. Àpá ìjàlọ rèé ní itan mi, ẹ sún mọ́ ibí kí ẹ wò ó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ké, ìyá ìyá mi kò sì jẹ́ kí ẹnì kan so mí lẹ́nu títí ó fi re ìwàlẹ̀ àsà. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó yá, kí ọ̀kan nínú yín dìde kó yí ìgalà yẹn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Ìlú Ó-Dára ló ti ń ta ṣíoṣío sí yín létí pé òun ń jóná.